Màmá Ẹ-Ṣọ́ra Gun Alùpùpù Orí Omi

Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ. Tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù tẹ́ lórí wà lójú fèrèsé, aṣọ tó ti lọ̀ wà lórí ìkọ́ lápá ọ̀tún, èyí tó ń dúró de áyọ́ọ̀nù wà nínú agbọ̀n lápá òsì. Òun fúnra rẹ̀ á dúró sáàárín, á wọ́n omi sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, á sì tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi dúró gbọn-in. Àpá iná wà lápá rẹ̀ méjèèjì, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní ọ̀rẹ́ ni òun àti áyọ́ọ̀nù, àwọn máa ń jà, àwọn sì máa ń parí ìjà.

Ó lórúkọ o, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é? Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Oníbàárà gba aṣọ: ẹ ṣọ́ra. Ọmọléèwé ń kọjá lójú títì: ẹ ṣọ́ra o. Dókítà fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ nígbà kan, ó ní kí dókítà ṣọ́ra. Wọ́n ń gbé òkú aládùúgbò wọn lọ sí itẹ́, obìnrin yìí tún yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí dírẹ́bà ṣọ́ra. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ bóyá káwọn sunkún ni tàbí káwọn rẹ́rìn-ín.

Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìbẹ̀rù ni iṣẹ́ kejì tó ń ṣe, kò sì gba ìsinmi nídìí rẹ̀ rí. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, á rìn dé ìdajì ọ̀nà, á tún padà wá fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù bóyá iná ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló yọ wáyà lára ògiri. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rù yìí lé lórí. Ọmọ náà ò tíì mọ ìrìn dáadáa tí bàbá rẹ̀ fi kú. Inú agbọ̀n aṣọ ló ń sùn, abẹ́ tábìlì ló ti mọ ìwé kà. Ní báyìí ó ti di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ti fẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ń tún fíríìjì ṣe, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń tà á fún un.

Oyún méjì ti wálẹ̀ lára ọmọ yìí. Ẹ̀kẹta ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ó sì ti kọjá oṣù mẹ́ta, ibi tí èkejì bá a dé. Oorun ti dá lójú Màmá láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já kó tó gbé e. Bí fóònù ò bá dún, á ní kí ló dé tí kò dún?

Ọkọ ọmọ ti ṣètò ìrìn àjò kan kí oyún yìí tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ló rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù: àwọn erékùṣù kéékèèké tó kún fún igi àgbọn, omi tó mọ́ débi pé èèyàn ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti àwọn èèyàn tí wọ́n gun alùpùpù orí omi, tí wọ́n tò tẹ̀ lé afinimọ̀nà wọn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ìyàwó ní, "Èyí wù mí o." Ọkọ ò fèsì. Ìgbà tó yá ló kàn ní òun ti gba àyè sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni oyún dé, dókítà sì ní kò burú, kí wọ́n lọ, kí ìyàwó lọ sinmi létí omi, ṣùgbọ́n kó má dán alùpùpù yẹn wò. Wọ́n wá ní kí Màmá bá wọn lọ, kí òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi nígbà tí ọkọ bá lọ wo erékùṣù. Màmá ti ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, ó ká a, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà lọ sí ilé aládùúgbò kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sórí omi, ó ń ká aṣọ àwọ̀sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé àlejò tí wọ́n dé sí, nígbà tí ọmọ rẹ̀ yọjú láti balùwẹ̀, tó fi orí pè é. Ó wọlé. Ọmọ ti ilẹ̀kùn, ó ṣí ẹ̀rọ omi kó máa dà kí ẹni tó wà níta má baà gbọ́ wọn, ó wá na tíṣù kan sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni.

"Yéè! Olúwa mi o!"

"Màmá, ẹ rọra. Ẹ jọ̀ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òru."

"O ti sọ fún ọkọ ẹ?"

"Rárá. Ẹ má sọ fún un o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Bó bá gbọ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ, kó má sì sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ sùn ni. Ẹ bá a lọ."

"Kí n bá a lọ síbo?"

"Sórí omi. Ẹ jókòó sí àyè mi. Bí ẹ bá dúró tì mí, tí ẹ ń wò mí bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, á fura."

Màmá fọwọ́ lé àyà. Òun! Orí omi! Òun tó jẹ́ pé bí omi inú báàfù ìfọṣọ bá pọ̀ jù, á ti máa sún sẹ́yìn! Ó fẹ́ sọ pé òun ò ní lè ṣe é, pé kí wọ́n kúkú pa òun síbí kó yá. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹnu. Ó pa ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Ó dáa. Sùn dáadáa. Gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí."

Ìta ni ọkọ ọmọ wà, ó ti wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ní, "Màmá ní àwọn fẹ́ bá ẹ lọ o." Ẹlòmíì á bi í pé kí ló dé, ṣebí ìyá tó ń sá fún omi nìyí. Kò bi í. Ńṣe ló sáré gbé báàgì Màmá, ó rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ." Inú bí Màmá. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín! Ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, eré ojú omi ló ká a lára.

Obìnrin ni afinimọ̀nà wọn, kúkúrú, ó gé irun mọ́lẹ̀, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì so rédíò kékeré tó fi ń bá àwọn ará èbúté sọ̀rọ̀ mọ́ àyà. Kọ́mándà ni wọ́n ń pè é, ó sì mọ̀ pé orúkọ náà yẹ òun. Ó to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: Màmá àti àna rẹ̀, pẹ̀lú tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wọn níyàwó, tí wọn ò tíì rí ohun mìíràn wò yàtọ̀ sí ojú ara wọn.

"Okùn pupa yìí," ó ní, "ọwọ́ ẹni tó ń wà á la máa so ó mọ́. Bó bá já bọ́, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú, alùpùpù ò ní sá fi yín sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo yín, ẹ dúró. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá padà. A jọ ń lọ ni, a jọ ń bọ̀ ni, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó gbá ẹni tó wà níwájú mú dáadáa ní ìbàdí."

Màmá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó jókòó tán, ó fi orí ìka méjì méjì mú etí jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó tó wà lọ́rùn àna rẹ̀, bí ẹni tó mú aṣọ tí ìdọ̀tí wà lára rẹ̀.

"Màmá, mo ní kẹ́ ẹ gbá wọn mú!"

"Kí n gbá àna mi mú? Kọ́mándà, ṣé orí ẹ pé?"

"Àna ò sí lórí omi, Màmá. Ẹni tó ń wà á àti ẹni tí wọ́n gbé ló wà."

Tọkọtaya tuntun náà bú sẹ́rìn-ín. Màmá sún ọwọ́ síwájú díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó ti rí i ṣáájú pé àna rẹ̀ pe Kọ́mándà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nàka sí rédíò tó wà láyà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ti rò ó pé ó ń béèrè bí alùpùpù náà ṣe lè sáré tó ni. Àwọn ọkùnrin!

Fèrè dún, wọ́n gbéra. Ká má parọ́, ẹ̀rù ba Màmá Ẹ-Ṣọ́ra débi pé ó gbàgbé láti pariwo. Omi ń ta sí i lójú, ìdí rẹ̀ ń kúrò lórí ìjókòó, ó tún ń bà lé e gbì. Etíkun tó wà lẹ́yìn wọn ń kéré sí i. Ilé àlejò yẹn ní òrùlé pupa, ó sì tẹjú mọ́ òrùlé náà títí ọrùn fi ń dùn ún. Bó bá ti ń wò ó, bí ẹni pé òun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ òun ni. Nígbà tí wọ́n yí etí erékùṣù àkọ́kọ́, òrùlé pupa pòórá.

Kọ́mándà gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dúró, ó fi àwọn ẹyẹ funfun tó kún orí àpáta hàn wọ́n, ó ń ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ń fò wá. Ìyàwó tuntun ń ya fọ́tò. Màmá ń wo ẹyẹ, kò rí ẹyẹ. Tíṣù ló ń rí. Ṣé pupa ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ni àbí ó dúdú? Àwọn nọ́ọ̀sì sọ nígbà kan pé èyí tó dúdú ò burú tó èyí tó pupa, àbí èyí tó pupa ni kò burú tó èyí tó dúdú? Kí ló dé tí òun ò wò ó dáadáa? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run dúnàá dúrà. Ó ní kí Ó gba ojú òun kan. Ó ronú sí i, ó ní kí Ó gba méjèèjì, òun á máa fọwọ́ lásán wá ibi tí aṣọ ti rún.

Láàárín erékùṣù àkọ́kọ́ àti èkejì, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí òun sọ ọ́, kí ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Ọkọ wa."

Ọkùnrin náà yíjú padà kíá débi pé alùpùpù yẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ lórí omi? Wo iwájú ẹ, ṣọ́ra."

Ó wo iwájú. Kò pẹ́, ó tún wo ẹ̀yìn, síbi tí òrùlé pupa yẹ kó wà. Màmá rò pé òun ló ń wò bóyá òun ṣì wà lórí ìjókòó. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra, ó sì ti ń sú Màmá.

Erékùṣù kejì ní ihò kan nínú àpáta tí alùpùpù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà á. Inú rẹ̀ ṣú, ó tutù, ohùn ẹ́ńjìnnì sì kún un dẹ́nu. Ọwọ́ àna rẹ̀ ń gbọ̀n lórí irin tó dì mú. Màmá rí i, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, omi ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé orí iyanrìn kan tí omi ti fà kúrò lórí rẹ̀, láàárín òkun gbalasa. Kọ́mándà ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n wo àwọn ẹ̀dá inú omi tó rí bí ìràwọ̀. Erékùṣù kan ló kù, wọ́n á sì padà. Màmá sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró wo ìràwọ̀ kankan. Ó fa Kọ́mándà lápá aṣọ lọ sí ẹ̀yìn àwọn alùpùpù.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dá mi padà."

"Ṣé òòyì ń kọ́ yín ni, Màmá?"

"Òòyì kọ́."

"Mo ti sọ ọ́ pé a ò lè pín ara wa. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí..."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni." Ohùn rẹ̀ já. "Ọmọ mi lóyún. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ẹ̀ láti òru. Oyún kẹta nìyí o, méjì ti lọ. Ọkọ ẹ̀ ò mọ̀. Má jẹ́ kó mọ̀. Ṣáà sọ pé ẹ́ńjìnnì ẹ ń ṣe rádaràda, kó o dá gbogbo wa padà."

Kọ́mándà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo ọkùnrin tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán nínú omi tó dé e lórúnkún.

"Ọkọ ẹ̀ ò mọ̀ kẹ̀? Màmá, ọkùnrin yẹn ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létí omi. Ó ní ìyàwó òun ń rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ò mọ̀, mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá pè mí lórí rédíò, òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún."

Gbogbo nǹkan tí Màmá ti ń bínú sí láti àárọ̀ wá ń tò lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rín eléyín yẹn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ojú tí kò yéé wo ẹ̀yìn. Ó rìn wọ inú omi tọ àna rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú omi ni òun wà.

"Ọkọ wa. O mọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Inú balùwẹ̀ ló ti sọ fún mi, láàárọ̀ yìí."

"Èmi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbà á. Ó ní kí n bá òun gbé yín jáde, kí òun lè sùn."

"Ìwọ ló ní kí n bá òun gbé jáde."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ni ìbá jẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa fi dá ara wọn lára yá títí ọjọ́ ogbó. Ẹnu Màmá ló kọ́kọ́ ṣí.

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

Nígbà tí ọkọ máa sọ̀rọ̀, ohun tó ti ń fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ ló tú jáde, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí Màmá ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di àna rẹ̀.

"Màmá, mi ò gbà pé ó ń sùn. Láàárọ̀ yìí, ó bi onílé ibi tá a dé sí pé ilé ìwòsàn wo ló wà nítòsí. Mo gbọ́. Ó fẹ́ dá lọ ni. Ó ti sọ ọ́ fún mi rí pé bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ dá gbọ́ ọ. Ẹ má bínú sí mi o, ohun tó sọ ni mò ń sọ. Ó ní nígbà kejì yẹn, bí dókítà ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ wó lulẹ̀. Òun ló sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó gbé yín dìde. Èmi náà... mi ò lè jẹun, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń bẹ̀ mí bí ẹni bẹ ọmọdé. Ó ní òun ò tíì sunkún oyún yẹn títí dòní. Ó ní òun ò rí àyè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lákínyẹmí ara. Ó rántí ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, ó tutù. Ó rántí ariwo ara rẹ̀, àti ọwọ́ méjì tó gbá a mú lábíyá, àti ohùn kan tó ń sọ pé, "Ẹ dìde, ó ti tó, ẹ dìde." Láti ọjọ́ náà wá, nọ́ọ̀sì ló rò pé ó gbé òun. Ọlọ́run mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló rò. Ojú tì í níbi tó dúró sí nínú omi, ìtìjú tó gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ, kò sì sí ibi tó fẹ́ gbé e sá sí.

"Gun nǹkan yẹn," ó ní. "Ká máa lọ."

Kọ́mándà ti ń fọn fèrè. Ìyàwó tuntun béèrè pé kí ló dé, ṣebí erékùṣù kan ṣì kù. Kọ́mándà ní kó gun tirẹ̀, àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún Màmá pé kó gbá ẹnikẹ́ni mú. Ó kó apá rẹ̀ méjèèjì yí àna rẹ̀ ká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbọ́ bí àyà ọkùnrin náà ṣe ń lù kì-kì-kì nínú jákẹ́ẹ̀tì. Ìgbì omi ga ju ti ìgbà tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀kan, ọkùnrin náà á rọra nítorí Màmá.

"Ta ní kó o rọra?" ó pariwo sí i létí. "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ jàre!"

Nígbà tí òrùlé pupa yọ, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ bó ṣe rò pé yóò balẹ̀. Òrùlé náà kàn ń tóbi sí i ni. Wọn ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sáré gba ìta gbangba, omi ń já lára wọn, ọkùnrin náà ṣí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́, wọ́n ti na aṣọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa, igun rẹ̀ gún régé, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀. Onílé tó ń gbá ìloro fi ìgbálẹ̀ nàka sí òpópó ẹ̀yìn ilé, ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tó lọ, pé ó rọra ń rìn.

Ilé ìwòsàn kékeré ni. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà ní gbọ̀ngàn, fáànù kan ń yí lókè tí kò fẹ́ atẹ́gùn dé ilẹ̀. Ọmọ Màmá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì sórí itan, ó di ọwọ́ báàgì mú. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń gba orúkọ ní tábìlì ní wọ́n ti pè é, kò dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì wọlé ṣáájú òun, àwọn ẹlòmíì sì ti wọlé, wọ́n ti jáde, wọ́n ti lọ.

Ó gbójú sókè, ó rí wọn pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Màmá sì rí ohun tí kò tíì rí rí, tàbí tó ti rí láìmọye ìgbà tí kò wò. Ó rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe to ojú ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ó kó o kúrò. Ó fi ẹ̀rín díẹ̀ síbẹ̀. Kó tó dìde pàápàá, ó ti ń sọ ọ́: "Màmá, ẹ má dààmú, kò sí nǹkan kan. Ẹ jókòó. Ẹ wo bí ara yín ṣe ń gbọ̀n. Ìwọ náà, jókòó, fọkàn balẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá dúró.

"A ti mọ̀," ó ní. "Èmi àti ọkọ ẹ ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Bó o bá fẹ́ dá wọlé, a máa dúró síbí, kò sẹ́ni tó máa bínú. Bó o bá fẹ́ ká bá ẹ wọlé, a máa wọlé. Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lágara nínú wa. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Ọmọ wò ó pẹ́. Kò gbà á gbọ́, ó hàn lójú rẹ̀ pé kò gbà á gbọ́. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ó fà á dìde. "Ẹ jẹ́ ká wọlé," ó ní.

Dókítà náà ò tíì dàgbà púpọ̀. Ó tú nǹkan tútù kan sí ikùn aláboyún náà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú lé e. Ó wò. Ó sún un sí òsì, ó tún wò. Ó sún un sí ọ̀tún. Màmá ti lo ojú rẹ̀ fún wíwo àwọ̀ aṣọ àti ojú oníbàárà. Ó mọ ojú ẹni tó ti rí ìdáhùn, tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú," dókítà ní. "Ọkàn ọmọ náà ò lù mọ́. Mo wò ó dáadáa. Ẹ má bínú."

Ọmọ rẹ̀ ò wo ẹ̀rọ. Kò wo dókítà. Màmá ló yíjú wò, kíá, ó sì ti fi ìgbọ̀nwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń dìde. Ó ń dìde láti wá gbé ìyá rẹ̀.

Màmá ò wó. Ìdùnnú tó ní nípa ọmọ-ọmọ yẹn ti já nínú rẹ̀, ariwo ńlá ti dé e lọ́fun, ó gbé e mì, ó tún gbé e mì. Ó dúró gbọn-in. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó dá a padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Dùbúlẹ̀," ó ní. "Mo wà ní ìdúró. Ọkọ ẹ náà wà ní ìdúró. Wò wá."

Ọmọ wò wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ògiri ti lanu. Nígbà tí kò rí i, ẹnu rẹ̀ ṣí. Ohùn tó jáde níbẹ̀ ò jọ ohùn rẹ̀ rárá, ó ga, ó gùn, oyún mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìpariwo. Màmá gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà jákẹ́ẹ̀tì tó tutù yẹn. Kò sọ fún un pé kó dákẹ́.